Bí A Ṣe Ń Yan Fílítà fún Kámẹ́rà Dúróònù

Nínú páálí fílítà ND, ìyẹn dígí dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ kámẹ́rà dúróònù kù, ẹ ó sábà bá ìwé pélébé kan tó ní ND8 ni ti ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ND16 ni ti oòrùn tó rọra ràn, ND32 ni ti oòrùn ọ̀sán gangan. Ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀. Kò mọ bí ojú lẹ́ǹsì yín ṣe fẹ̀ tó, kò mọ iye férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) tí ẹ fẹ́ fi ya fídíò, kò sì mọ̀ bóyá orí omi tó ń dán yanran lẹ ó fò sí tàbí inú igbó. Kámẹ́rà yín mọ̀ ọ́n, ó sì ń kọ ọ́ sójú fóònù nígbàkúùgbà tí ẹ bá tan dúróònù. Ẹ ó fi nọ́ńbà kan pín òmíràn, iye fílítà tí ẹ nílò á sì jáde. Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà yẹn láìṣìṣe la fẹ́ sọ níbí, àti ìgbà tí kò yẹ kí fílítà kankan wà lójú lẹ́ǹsì rárá.

Ohun tí nọ́ńbà ara fílítà ń sọ

Fílítà ND jẹ́ dígí dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù láìyí àwọ̀ padà. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni iye ọ̀nà tó pín ìmọ́lẹ̀ sí: ND8 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́jọ wọlé, ND64 ń jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta wọlé. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ bá dín sí ìdajì ni àwọn ayàwòrán ń pè ní sítọ́ọ̀pù kan. ND2 jẹ́ sítọ́ọ̀pù 1, ND4 jẹ́ 2, ND8 jẹ́ 3, ND16 jẹ́ 4, ND32 jẹ́ 5, ND64 jẹ́ 6, ND128 jẹ́ 7, ND256 jẹ́ 8. ND1000 fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 10.

Àwọn tó ń ṣe fílítà kan máa ń lo òǹkà mìíràn, níbi tí sítọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ 0.3. Bí ẹ bá rí 0.9 lára fílítà, ND8 ni. 1.2 jẹ́ ND16, 1.5 jẹ́ ND32, 1.8 jẹ́ ND64. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé 0.9 kò tó nǹkan.

Ìdí tí dúróònù fi nílò rẹ̀

Kámẹ́rà tí a ń fọwọ́ gbé lè fún ojú lẹ́ǹsì rẹ̀ pọ̀ dé f/8 tàbí f/11 bí oòrùn bá mú (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe tóbi tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe kéré tó). Ọ̀pọ̀ dúróònù kéékèèké kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú lẹ́ǹsì wọn dúró sójú kan, ní f/2.8 tàbí f/1.7, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. ISO náà, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè fèsì sí ìmọ́lẹ̀ tó, ti wà ní 100, kò ní ibi tó tún máa wálẹ̀ sí. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún kámẹ́rà láti fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ ni ṣọ́tà, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pẹ́ tó lójú sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Nínú oòrùn tó mú hanhan, lẹ́ǹsì f/2.8 á gbé ṣọ́tà lọ sí nǹkan bíi 1/3200 ìṣẹ́jú àáyá, ti f/1.7 á sì gbé e lọ sí àyíká 1/8000.

Bí ṣọ́tà bá yára tó bẹ́ẹ̀, férémù kọ̀ọ̀kan á mú ṣáṣá, kò ní sí ìtẹ̀lé láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ewé, ọkọ̀ àti ìgbì omi á máa fò láti ibì kan sí ibòmíràn dípò kí wọ́n máa rìn. Nǹkan méjì mìíràn á tún yọjú. Àkọ́kọ́, ìlà kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ fi ń ka àwòrán, láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí náà gbígbọ̀n abẹ̀bẹ̀ dúróònù á mú kí ilé àti òpó máa rọ̀ jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀ nínú fídíò. Èkejì, bí oòrùn bá gba àárín abẹ̀bẹ̀ kọjá dé ojú lẹ́ǹsì, òjìji abẹ̀bẹ̀ á máa kọjá lójú àwòrán bí ìlà dúdú. Fílítà ND ń jẹ́ kí ṣọ́tà falẹ̀, gbogbo èyí á sì rọlẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe oògùn fún abẹ̀bẹ̀ tó ti sán tàbí rọ́bà gimbal (apá tó gbé kámẹ́rà dúró kí ó má mì) tó ti ya. Bí àwòrán ṣì ń gbọ̀n ní 1/50, ẹ lọ yẹ ìwọ̀nyẹn wò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ ṣọ́tà tí ẹ fẹ́

Ẹ sọ iye férémù di ìlọ́po méjì. Férémù 24 tàbí 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń fẹ́ 1/50, 30 ń fẹ́ 1/60, 50 ń fẹ́ 1/100, 60 ń fẹ́ 1/120. Òfin yìí ti wà láti ayé kámẹ́rà fíìmù, nígbà tí ṣọ́tà jẹ́ àwo roboto kan tó ń yí, tí ìdajì rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ojú àwa tó ń wo sinimá ti mọ́ bí ó ṣe máa ń rí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka ìmọ́lẹ̀ láìsí fílítà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, torí orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń wo koríko níwájú ẹsẹ̀ wọn. Koríko kò mọ́lẹ̀ tó ojú ọ̀run. Ẹ gbé dúróònù sókè, ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́ yà gan-an, ní ìdúró tí ẹ fẹ́ kí gimbal wà. Ẹ fi ISO sí 100, ẹ fi ṣọ́tà sílẹ̀ kí kámẹ́rà yàn án fúnra rẹ̀, kí EV (ibi tí a ti ń sọ fún kámẹ́rà pé kó mú àwòrán mọ́ sí i tàbí ṣú sí i) sì wà ní 0. Ẹ yí dúróònù díẹ̀díẹ̀ gba gbogbo apá tí fídíò náà máa kàn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó yára jù àti èyí tó falẹ̀ jù sílẹ̀.

Bí àwọ̀ log (àwọ̀ ṣíṣì tí a máa ń tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà) lẹ ó fi ya fídíò náà, ẹ ti yàn án kí ẹ tó kà. Lórí àwọn kámẹ́rà kan, log kì í jẹ́ kí ISO wá sísàlẹ̀ 400. Láti 100 sí 400 jẹ́ sítọ́ọ̀pù 2, ìyẹn ni pé ibi tí ND16 ì bá ti tó, ND64 lẹ ó nílò.

Bí dúróònù yín bá jẹ́ irú èyí tí ojú lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣeé fún, bíi Mavic 2 Pro àti Mavic 3 tó ń lọ láti f/2.8 dé f/11, ẹ kọ́kọ́ fi sí f/4 tàbí f/5.6, kí ẹ tó ka ṣọ́tà. Ẹ má fún un dé f/11 nítorí àtisá fún fílítà. Ihò tó bá ti kéré jù ń mú kí ìmọ́lẹ̀ fọ́n ká, gbogbo ojú àwòrán kò sì ní mú ṣáṣá tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ pín in

Ẹ mú nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ṣọ́tà tí ẹ kà, kí ẹ fi èyí tí ẹ fẹ́ pín in. Kámẹ́rà kọ 1/1600, ẹ sì fẹ́ 1/50: 1600 tí a fi 50 pín jẹ́ 32, ND32 ni. 1/3200 sí 1/50 jẹ́ ND64. 1/8000 sí 1/60 jẹ́ 133, ND128 ni. 1/800 sí 1/60 jẹ́ 13, èyí tó bọ́ sáàárín ND8 àti ND16.

Bí ó bá bọ́ sáàárín méjì, tàbí bí nọ́ńbà méjì tí ẹ kọ sílẹ̀ bá fún yín ní fílítà méjì, èyí tó ní nọ́ńbà kékeré ni kí ẹ mú. Ìdí rẹ̀ ni pé àṣìṣe méjèèjì kò dọ́gba. Bí fílítà kò bá dúdú tó, ṣọ́tà á wà ní 1/100 dípò 1/50, ẹni tó ń wo fídíò kò sì ní mọ̀. Bí fílítà bá dúdú jù, ISO ni yóò gòkè láti dí àlàfo náà, sẹ́ńsọ̀ kékeré inú dúróònù kì í sì í fara da ìyẹn. Ibi òjìji á kún fún èérún wẹ́wẹ́ tí kò ṣeé fọ̀ kúrò dáadáa. Ìkúukùu kan tó bo oòrùn lójijì lè gbé sítọ́ọ̀pù 2 tàbí 3 lọ nígbà tí ẹ ṣì wà lókè, ẹ kò sì lè pààrọ̀ fílítà níbẹ̀. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan sí èyí tí ìṣirò fún yín, torí ìmọ́lẹ̀ á ti dín kù kí bátìrì tó tán.

Sítọ́ọ̀pù 1 sókè tàbí sísàlẹ̀ kò bá fídíò jẹ́. Ní sítọ́ọ̀pù 2 ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí i.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bi ara yín bóyá ẹ nílò rẹ̀ rárá

Gíga tí ẹ fẹ́ fò ló sọ èyí ju ohunkóhun lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dúróònù tó ń sá ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa rìn sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín 1/50, ìyẹn ló sì ń mú kí àwòrán fà nínú férémù. Bí kámẹ́rà 4K tí lẹ́ǹsì rẹ̀ fẹ̀ bíi ti 24mm bá wo ilẹ̀ gbọnrangandan láti mítà 100, mítà 150 ilẹ̀ ló wà nínú píksẹ́lì 3840 (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán), ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 20 yẹn kò ju píksẹ́lì 5 lọ. Láti mítà 5, sẹ̀ǹtímítà 20 kan náà di píksẹ́lì tó lé ní 100. Nítorí náà, ẹni tó ń fò lálá lókè láti fi ìlú hàn lódindi lè máà fi fílítà sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tàbí tó ń gba àárín igi kọjá, fílítà ló máa ya fídíò tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára.

Àwọn ìgbà mìíràn wà tí ó yẹ kí ẹ yọ ND kúrò, tàbí kí ẹ lo èyí tí kò dúdú tó bẹ́ẹ̀:

- Bí ẹ bá ń ya fọ́tò lásán. Ṣọ́tà tó yára ni fọ́tò ń fẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí ND wúlò fún fọ́tò ni bí ẹ bá fẹ́ kí omi tó ń ṣàn dà bí òwú, pẹ̀lú ṣọ́tà bíi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ dúró de ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kí ẹ ya bíi mẹ́wàá, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò gbọ̀n.
- Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti yíya àwòrán ilẹ̀ fún máàpù. Sọ́fítíwíà tó ń so fọ́tò pọ̀ ń wá àmì kéékèèké tó mú ṣáṣá, fọ́tò tó fà kò ní àmì kankan fún un.
- Bí ẹ bá fẹ́ fi sọ́fítíwíà mú fídíò dúró lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán, bí àwọn tó ń fò FPV (tí wọ́n ń fi awò ojú wo ohun tí dúróònù ń rí) ṣe máa ń ṣe. Sọ́fítíwíà lè mú kí àwòrán má mì mọ́, ṣùgbọ́n kò lè yọ fífà tó ti wọ inú férémù, férémù kan á mú ṣáṣá, òmíràn kò ní mú, láìsí ìdí tí ojú rí. Ẹ fi ṣọ́tà sí àyíká 1/100 sí 1/200 kí ẹ sì fi ìyẹn pín.
- Lálẹ́.

CPL: èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe fún yín

CPL ni fílítà tí a ń yí kí ó lè dí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn padà láti ara nǹkan. Ohun tí CPL bá yọ kúrò, bí ẹ kò bá yọ ọ́ nígbà tí ẹ ń ya fídíò, kò sí ohun tí ẹ máa fi yọ ọ́ nílé. Ó ń mú dídán kúrò lójú omi, lára gíláàsì àti lára ewé tó tutù, kí ìsàlẹ̀ omi àti àwọ̀ ewé gan-an lè hàn. Ó tún ń mú kí búlúù ojú ọ̀run jinlẹ̀ sí i. Fún ẹni tó ń ya etíkun, adágún omi tàbí igbó lẹ́yìn òjò, àwa á ní kó kọ́kọ́ ra CPL kó tó ra ND èyíkéyìí.

Ṣùgbọ́n igun ló fi ń ṣiṣẹ́. Lórí omi, dídán tó ń tú ká ní nǹkan bíi dígírì 37 sí ojú omi ló ń rí yọ jù. Bí ẹ bá rọ gimbal sísàlẹ̀ tó ìwọ̀n yẹn, ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọjú kámẹ́rà sí omi gbọnrangandan láti òkè, kò ní sí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan. Ní ti ojú ọ̀run, apá tó ṣe igun 90 pẹ̀lú oòrùn ló máa ń ṣú jù. Bí ẹ bá kọjú sí oòrùn tàbí kọ ẹ̀yìn sí i, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Lára irin tí kò lọ́dà, kò ṣiṣẹ́.

Ìgbà tí dúróònù bá ń yí ni ìṣòro dé. Bí ó ṣe ń yí ni igun oòrùn ń yí padà, ojú ọ̀run á máa ṣú, á tún máa mọ́ nínú fídíò kan ṣoṣo. Nítorí náà CPL wà fún fífò tó lọ tààrà tàbí tó ń gòkè lójú kan. Ẹ má lò ó fún yíyí ilé po. Ẹ má sì lò ó fún fọ́tò panorama, torí ìlà ìlà á hàn níbi tí fọ́tò ti pàdé. Bí lẹ́ǹsì bá fẹ̀ bíi 24mm, ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọ̀run lè dúdú ju èkejì lọ pàápàá láìyí.

Bí a ṣe ń tò ó rèé, kí mọ́tò gimbal má baà jìyà. Nígbà tí dúróònù ṣì wà ní pípa, ẹ di fílítà náà mú níwájú ojú yín, kí ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ máa yí i títí dídán á fi lọ. Ẹ wo ibi tí àmì etí fílítà wà, bóyá òkè ni tàbí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi í sójú lẹ́ǹsì pẹ̀lú àmì náà níbi kan náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan dúróònù.

CPL fúnra rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sítọ́ọ̀pù 1 sí 2. Fílítà tó so méjèèjì pọ̀, tí a ń kọ ND16/PL sí lára, wà lọ́jà. Àwọn kan ka ohun tí CPL gbà mọ́ 16 náà, àwọn kan kò kà á. Bí ẹ bá fi í sí i, ẹ tún ṣọ́tà kà, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ara rẹ̀.

Àwọn tí a kò ní rà

Fílítà UV, tó ń dí ìtànṣán kan tí ojú kò rí, kò ṣe nǹkan kan fún àwòrán, torí sẹ́ńsọ̀ ti ní ohun tó ń dí ìtànṣán yẹn. Ààbò lásán ni. ND tó ń yí, tó lè jẹ́ ND2 lónìí kó di ND400 lọ́la, jẹ́ CPL méjì tí a tẹ̀ lé ara wọn. Ọwọ́ ni a fi ń yí i, ọwọ́ yín kò sì sí lókè. Bí a bá yí i dé òpin lójú lẹ́ǹsì tó fẹ̀, àmì X dúdú á hàn lójú àwòrán. Fílítà tí ìdajì rẹ̀ dúdú, tí ìdajì kejì mọ́, nílò kí ìlà ojú ọ̀run dúró sójú kan. Kí gimbal kàn rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, orí igi á bọ́ sínú òkùnkùn.

Bí a ṣe ń dán dígí wò

Ẹ gbé fílítà sábẹ́ gílóòbù iná. Bí àwòrán gílóòbù tó hàn lójú rẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò, tí kò sì mọ́ púpọ̀, wọ́n ti kùn ún. Bí ó bá funfun tó sì mọ́ rekete, dígí lásán ni, oòrùn á máa dá àmì roboto sílẹ̀ nínú fídíò yín.

Ẹ fi white balance (ètò tí kámẹ́rà fi ń mú kí funfun jẹ́ funfun) sí 5500K, ẹ ya bébà funfun láìsí fílítà, kí ẹ tún yà á pẹ̀lú rẹ̀. Bí bébà náà bá di aláwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ewé, fílítà náà ń yí àwọ̀ padà. Èyí ṣì ṣeé tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò ṣeé tún ṣe ni ti infrared, ìtànṣán mìíràn tí ojú kò rí. Ẹ fi ND64 tàbí èyí tó dúdú jù ú lọ ya aṣọ dúdú nínú oòrùn. Bí aṣọ náà bá di pupa rúsúrúsú, dígí náà ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ó sì ń jẹ́ kí infrared kọjá. Ohun tó ń dí infrared lójú sẹ́ńsọ̀ kì í dí gbogbo rẹ̀, bí ND bá sì ṣe dúdú tó ni ìyókù yẹn ṣe ń lágbára tó nínú àwòrán. Ẹ dá fílítà náà padà.

Lákòótán ìdánwò, ẹ ya ohun tó jìnnà pẹ̀lú fílítà àti láìsí i, kí ẹ sì fẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò náà lójú. Dígí tí kò tẹ́jú kò ní jẹ́ kí igun rẹ̀ mú ṣáṣá.

Fífi í sí i

Fílítà tí wọ́n ṣe fún dúróònù yín gan-an ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti èyí tó jọ ọ́. Gimbal kò lágbára ju ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún lọ. Bí ó bá wúwo jù, app á kọ pé ẹrù ti wúwo jù fún gimbal, ìlà ojú ọ̀run á sì wọ́. Ẹni tí dúróònù rẹ̀ wọn gíráàmù 249 tún ní láti gbé e sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tó bá ti fi fílítà sí i, torí gíráàmù 250 ni ààlà òfin ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union.

1. Ẹ pa dúróònù.
2. Ẹ fi ìka méjì di orí kámẹ́rà mú jẹ́ẹ́, kí apá gimbal má lọ́.
3. Ẹ wo ìwé dúróònù yín: lórí àwọn kan, ẹ gbọ́dọ̀ yọ dígí tó bá a wá kúrò kí tuntun tó wọ̀, lórí àwọn mìíràn, orí rẹ̀ ló ń gbà.
4. Ẹ fi fílítà sí i títí yóò fi ró tàbí dúró gbọn-in.
5. Ẹ tan dúróònù lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí gimbal yí ara rẹ̀ tán kí ẹ tó gbéra.

Lókè, ẹ tún fókọ́ọ̀sì ṣe, kí ẹ fi ṣọ́tà, ISO àti white balance sójú kan. Bí ẹ bá fi white balance sílẹ̀ fún kámẹ́rà, àwọ̀ á máa yí láàárín fídíò kan.

Mélòó lẹ ó rà?

Ẹ kò nílò mẹ́fà. Níwọ̀n bí sítọ́ọ̀pù 1 kò ti bá nǹkan jẹ́, fílítà kan ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì, nítorí náà ẹ lè máa fo ọ̀kan láàárín. Fún lẹ́ǹsì f/2.8, ND4, ND16 àti ND64 ti tó. Fún f/1.7, ẹ mú ND8, ND32 àti ND128. Ẹ fi CPL kan kún un, kí ẹ sì ra bọ́ọ̀lù kékeré tí a ń tẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń nu dígí. Atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé iyanrìn kúrò kí aṣọ tó kàn án. Bí ẹ bá fò lórí òkun, ẹ fi omi lẹ́ǹsì díẹ̀ nu iyọ̀ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó gbẹ mọ́ ọn.